Àgbo Òrúwọ àti Ojú Ìyá Mi

"Ó ti dé ibo báyìí?"

Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí iṣan ti ń lù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àgbo èèpo òrúwọ mì ni. Kọ́ọ̀pù ṣì wà ní ọwọ́ mi kejì, ìkorò náà sì mú kí gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fà wọnú.

"Ó wà ní ọ̀fun mi, mà."

"Má kánjú. Dúró dè é."

Mo dúró. Ẹ̀yìnkùlé kún fún èéfín igi tútù, adìẹ kan sì ń wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, nǹkan kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín àyà mi, ó sì tàn káàkiri inú mi bí omi tí a dà sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ.

"Ó ti dé inú, mà."

"O ò jẹun kí o tó mu ún?"

"Mi ò jẹun, mà."

"O ṣe é re. Ká ní o jẹ ẹ̀bà ni, ẹ̀bà ì bá dènà dè é, wọn ì bá máa ti ara wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Lọ dùbúlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, má ṣe tọ̀ sílẹ̀ o. Inú póò ni kí o tọ̀ sí, kí o sì wá sọ fún mi bó ṣe rí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìtọ̀ mi dà bí ìyeyè tó pọ́n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú mi. Mo sáré lọ sọ fún ìyá àgbà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

"Òrúwọ ló jáde yẹn. Ó ti ṣiṣẹ́ tán, ó ń lọ sílé."

Lóòótọ́, kó tó di ọjọ́ kẹta, ibà ti fi mí sílẹ̀, ìtọ̀ mi sì ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo wá fi pa ara mi lára ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìlobù ni ilé bàbá mi wà. Bàbá mi ń dáko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ẹ̀rìn, màmá mi sì ń ta gààrí, wọ́n máa ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Bí ilé-ìwé bá ti wà ní ìsinmi, Ìfọ́n ni wọ́n máa ń rán mi lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà, tó jẹ́ ìyá tó bí màmá mi. Kò jìnnà rárá. Bí a bá fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀, oòrùn kò ní tíì mú kí a tó débẹ̀.

Eléwé ọmọ ni ìyá àgbà. Iwájú ilé ni wọ́n pàtẹ sí: ewé tútù lórí àpò tí wọ́n wọ́n omi sí, egbò tí wọ́n dì ní ìdì ìdì, èèpo igi tí wọ́n sá gbẹ, kàn-ún nínú abọ́. Wọn kì í pọfọ̀. Bí ènìyàn bá wá sọ fún wọn pé ẹnì kan nínú ẹbí ló ń ṣe òun, wọ́n á ní kí onítọ̀hún lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa bẹ́ẹ̀, pé èèpo igi kò mọ orúkọ ọ̀tá. Ohùn odó kékeré tí wọ́n fi ń gún egbò ló máa ń jí mi. Títí di òní, bí òjò bá pa èèpo igi níbikíbi, tí òórùn rẹ̀ bá ta sí mi nímú, iwájú ilé yẹn ni mo máa ń rí.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé iná méjì ló ń se àgbo. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìkòkò, èkejì wà nínú ẹni tó mu ún. Wọ́n á ní, "Èyí tí a sè lórí ààrò yìí, iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀. Ara ló máa tún un sè. Ó máa mú ohun tó fẹ́ níbẹ̀, ó máa da ìyókù nù." Nítorí náà, kò sí ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ wọn tí wọn kì í bi ní ìbéèrè. Kí lo jẹ? Ìgbà wo lo jẹ ẹ́? Ṣé o làágùn? Báwo ni ìtọ̀ rẹ ṣe rí? Àwọn ọkùnrin máa ń tijú ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, wọ́n á máa wo òkè òrùlé.

Wọ́n ní òfin fún ohun gbogbo. Inú òfìfo ni a ń mu àgbo ibà. Èyí tó bá le, ògì ni a ń mu lé e kó má baà ha inú. Àgbàlagbà, wọ́n á bu tirẹ̀ kù, nítorí iná inú àgbà kì í jó bíi ti ọ̀dọ́, oògùn sì máa ń pẹ́ lára wọn kó tó jáde. Bí ọmọ ọmú bá ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní àgbo. "Ọmú á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," wọ́n á ní. "Ó ti rọ̀ kó tó débẹ̀." Bí a bá sì bu kọ́ọ̀pù kan nínú ìkòkò, a gbọ́dọ̀ da kọ́ọ̀pù omi kan padà sí i, kí àgbo lè máa rọ̀ bí àìsàn ṣe ń rọ̀.

Káfíńtà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tí kò fẹ́ràn òfin. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn wá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, inú mi ń yí."

"Kọ́ọ̀pù mélòó ni mo ní kí o mu?"

"Ọ̀kan ni, mà. Mo mu mẹ́ta. Mo rò pé bó bá pọ̀, ara mi á tètè yá."

"Á tètè yá! Ṣé bọ́ọ̀sì Òṣogbo ni, tí o fi kó gbogbo èrò sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ara ní. Àwọn tó kù níta, ìjà ni wọ́n máa jà."

"Wọ́n ti ń jà ná, mà."

"Jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa. Bí o bá ń kan ìṣó, ṣé mẹ́ta lo máa ń kàn pa pọ̀?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ó ń rojú. Wọ́n po ògì fún un, wọ́n sì mú kó jókòó títí inú rẹ̀ fi rọ̀.

Ṣùgbọ́n mo rántí obìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn nílé, ó ní òun wá ra òrúwọ. Ìyá àgbà bi í ní ìbéèrè wọn, ó dáhùn. Wọ́n wá bi í pé báwo ni ojú ọkùnrin náà ṣe rí. Obìnrin náà ní ibi tó yẹ kó funfun nínú ojú rẹ̀ ti yí, pé ó dà bí ìgbà tí epo kán sí i. Ìyá àgbà ti na ọwọ́ sí èèpo òrúwọ. Wọ́n fa ọwọ́ náà padà.

"Mi ò ní tà á fún ọ."

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀dọ̀ ni iná kejì tí mò ń sọ. Bí iná yẹn bá ń kú, tí a tún kó igi tútù lé e, èéfín ni yóò máa rú sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbé e lọ sí ọsibítù. Lónìí ni o."

"Ẹ wulẹ̀ fún mi ní díẹ̀, Ìyá."

"Díẹ̀ náà ti pọ̀ jù."

Mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wọn, mò ń já ewé kúrò lára ẹ̀ka. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ sọ fún ara mi pé mi ò gbọ́ ọ, tàbí pé ọmọdé ni mí, mo ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé.

Nígbà náà, nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú ìyá àgbà méjèèjì. Wọ́n ń fi imú mọ ewé, wọ́n ń fi ọwọ́ mọ èèpo, wọ́n sì ń fi ohùn mọ ènìyàn. Àwọ̀ nìkan ni wọn kò lè mọ̀ mọ́. Èmi ni mo wá ń bá wọn wo inú póò àti inú ìgò tí àwọn ènìyàn ń gbé wá.

"Má wulẹ̀ pè é ní pupa fún mi," wọ́n á wí. "Nǹkan tó pupa pọ̀. Sọ ohun tó jọ."

Mo kọ́ láti sọ ọ́. Ó dà bí omi ẹ̀kọ. Ó dà bí ìyeyè. Ó dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ó dà bí omi tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ojú mi mọ́, pé n kì í fi kún un, n kì í sì í yọ kúrò níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní lè jẹun.

Ṣùgbọ́n inú póò nìkan ni mo láṣẹ láti wò. Bàbá àgbàlagbà kan wá lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ń ṣomi, mo sì tẹjú mọ́ ọn nítorí mo rò pé iṣẹ́ mi náà nìyẹn.

"Ìyá," bàbá náà wí, "ọmọ yín yìí ń wò mí lójú kòrókòró o. Ṣé mo jẹ ẹ́ ní nǹkan ni?"

Ìyá àgbà wá etí mi, wọ́n rí i, wọ́n sì fà á títí mo fi kúnlẹ̀.

"Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni wọ́n? Ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà lójú. Ohun tí mo bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Ohun tí mi ò bá bi ọ́, fi síbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá náà ní kò sí nǹkan kan, pé ọmọdé ni. Etí mi gbóná títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò tún wo àgbàlagbà kankan lójú mọ́.

Ní ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi ti wà ní Ìfọ́n nígbà tí màmá mi dé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kan, wọ́n fi ìborùn bo orí àti ètè. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì lè dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Dìde, dìde, ọmọ mi." Ìyá àgbà gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọrùn wọn. "Ara rẹ gbóná bí ààrò. Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́rin, mà. Mi ò lè jẹun. Òórùn gààrí pàápàá ń mú kí n bì."

"Kí ni ọkọ rẹ wí?"

"Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín ná."

Inú ìyá àgbà dùn sí i. Mo gbọ́ ọ lóhùn wọn. "O ṣe dáadáa. Ojú ńkọ́?"

"Ó ń wúwo, mà."

"Ibà ni."

Ìbéèrè náà kò tọ́. Ẹni tó ni ojú kò lè fi ojú náà wo ojú. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ni wọ́n ń bi, wọ́n sì gba ìdáhùn tó fún wọn.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún màmá mi ní yàrá inú. Wọ́n ti fèrèsé nítorí òjò àti nítorí òtútù tó ń mú wọn, a sì tan àtùpà síbẹ̀. Lábẹ́ iná àtùpà, ohun gbogbo ló ní àwọ̀ kan náà, ògiri, aṣọ, ọwọ́ èmi fúnra mi. Àwọn aládùúgbò ń kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìnira o, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà," wọ́n sì ń lọ.

Ìyá àgbà se òrúwọ. Èmi ni mo fẹ́ iná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé póò bọ́ sí ìta, mo wò ó.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dà bí ìyeyè, mà."

"Ó ti ń jáde," ìyá àgbà wí, wọ́n sì yọ̀ bí wọ́n ṣe yọ̀ sí tèmi lọ́jọ́sí.

Ọjọ́ kẹrin, mo ní ó dà bí tíì. Wọ́n ní kò burú, pé òrúwọ pọ̀ lára rẹ̀ ni. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dá àgbo náà dúró. Gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, ó yẹ kí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kò mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó ti ṣú ju tíì lọ, ó dà bí omi tí a rẹ èèpo igi sí mọ́jú. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ ra orúnkún.

"Ó kù nínú rẹ̀," wọ́n wí. "Ara rẹ̀ kò tíì fẹ́ tú u sílẹ̀."

Ara sì ń yún màmá mi. Wọ́n ń ha apá àti ikùn títí ó fi bó. Ìyá àgbà ní oògùn ló ń gba awọ jáde. Ìgbẹ́ màmá mi ti funfun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń kun ilé, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ni wọ́n ń bi mí léèrè, wọn kò bi mí léèrè ìgbẹ́.

Ọjọ́ kẹfà yẹn náà ni òjò dá, tí oòrùn yọ. Màmá mi ní irun ń dá òun lágara, kí n wá bá òun tú u. Mo mú wọn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo dúró sí ẹ̀yìn wọn, mo sì ń fi ìlàrun tú ẹsẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà wà ní iwájú ilé, mò ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń bá ẹnì kan ṣe àwàdà. Màmá mi fi orí ti ikùn mi, ojú wọn kọjú sí òkè, oòrùn sì bọ́ sí i.

Funfun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó yẹ kó funfun ti di bí ìyeyè, láti ìhà kan dé ìhà kejì, títí wọ inú ìpéǹpéjú.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mò ń wò ó.

"Kí lo ń wò?" màmá mi wí.

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ṣé mo ti rù tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ ò rù, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì pa ojú dé. Mo tú ìyókù irun náà, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn, mo fi okùn dì í. Mo mọ ohun tí mo rí. Mo rántí obìnrin tí ìyá àgbà kò ta òrúwọ fún. Ṣùgbọ́n mo rántí pẹ̀lú pé wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kò padà wálé láti ọsibítù, mo sì rò nínú ọgbọ́n ọmọdé mi pé bí mi ò bá sọ ọ́, wọn kò ní gbé màmá mi lọ, bí wọn kò bá sì gbé wọn lọ, wọn kò ní kú. Etí mi sì ń gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ni. Mo ní bí ìyá àgbà bá bi mí léèrè ojú, màá sọ.

Wọn kò bi mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n gbé ìkòkò mìíràn kaná, ewé tó ń mú ènìyàn tọ̀ dáadáa, kí ó lè ti òrúwọ tó kù jáde. Mo fẹ́ iná náà. Mo bu kọ́ọ̀pù kìíní, mo da omi padà sínú ìkòkò bí òfin ṣe wí, mo sì gbé e lọ fún màmá mi.

Ọjọ́ keje, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ọjọ́ kẹjọ, a jẹ iṣu, màmá mi kò lè gbé e mì. Ọjọ́ kẹsàn-án, mi ò rántí pé a jẹ nǹkan kan. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń mu kọ́ọ̀pù méjì, lójoojúmọ́ ni mò ń gbé póò síta, tí mò ń sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, màmá mi wò mí, wọ́n pè mí ní ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní ṣé òjò kò pa gààrí tí a sá síta. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo lẹ́nu bíi ti ẹni tó mutí. Ìyá àgbà gbọ́ ohùn yẹn láti iwájú ilé. Wọ́n dìde, wọ́n kọlu ọjà tí wọ́n pàtẹ, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnì kan sáré lọ sí Ìlobù lọ pe bàbá mi. Káfíńtà ló lọ.

Mọ́tò akẹ́rù kan ni bàbá mi gbé wá. A tẹ́ màmá mi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá àgbà gbé orí wọn sí itan, èmi di ẹsẹ̀ wọn mú. Ní ọsibítù ní Òṣogbo, dókítà kan tí kò dàgbà púpọ̀ tẹ̀ sí wọn, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú wọn sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Ìyá, ojú wọn ti rí báyìí láti ìgbà wo?"

"Báwo ló ṣe rí?" ìyá àgbà bi í.

Dókítà wo ẹyinjú ìyá àgbà, ó sì rí ohun tó bò ó. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kò sí ẹni tó ń ríran nínú ilé ni, mà?"

"Mo ní ọmọ tó ń bá mi wò ó," ìyá àgbà wí.

Mo wo ilẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn. Ó ní gbogbo ohun tí ẹnu bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà á láti inú ìfun, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe oògùn òyìnbó, ìbáà ṣe àgbo. Ó ní ẹ̀dọ̀ yìí ló ń tú u palẹ̀, tó ń ya èyí tó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lè pani. Ó ní ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn kò lè—

"Mo mọ̀," ìyá àgbà wí. "Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó bí ọ."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Dókítà, ṣé àgbo mi ló ṣe é?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àìsàn yìí nìkan lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ká ní ẹ tètè gbé wọn wá ni..." Ó lọ pe nọ́ọ̀sì.

Màmá mi kú ní ọjọ́ kẹta tí a dé ọsibítù. A sin wọ́n sí Ìlobù kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ààfáà ṣe àdúrà, òjò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kò sunkún lójú ènìyàn. Wọ́n kàn ń na ọwọ́ síwájú, bí ẹni tó ń wá ògiri.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìfọ́n, wọ́n ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá kó èèpo àti egbò. Wọn kò se ohunkóhun mọ́, àní ti orí fífọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. "Mi ò ríran," ni wọ́n máa ń dá wọn lóhùn. Odó kékeré dákẹ́. Bí mo bá lọ lo ìsinmi níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà ló ń jí mi.

Mo jáde ilé-ìwé girama. Ọdún yẹn náà ni ara ìyá àgbà kò le mọ́, mo sì lọ tọ́jú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń fi aṣọ tútù nu ojú wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Mi ò bi ọ́ láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ bi mí, mà."

"Ojú ìyá rẹ. Ṣé o rí i nígbà yẹn?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. Mo ti máa ń sọ ìdáhùn rẹ̀ fún ara mi bí mo bá ń lọ pọn omi. Ọjọ́ kẹfà ni, mà. Oòrùn ló jẹ́ kí n rí i. Ẹ̀rù bà mí ni.

"Mi ò rí i, mà," mo wí.

"O ò rí i rárá?"

"Yàrá ṣókùnkùn, mà. Mi ò rí i."

Mo rí i tí èjìká wọn rọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni, nígbà náà."

Wọn kò lo oṣù kan lẹ́yìn náà.

Mo ti dàgbà ju màmá mi lọ báyìí. Aṣọ ni mò ń rán ní Ìlobù, àwọn tí mò ń rán an fún sì máa ń sọ pé n kì í sọ̀rọ̀, pé ńṣe ni mo máa ń wo ènìyàn lójú bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Inú àwọn kan kì í dùn sí i. Mi ò lè fi sílẹ̀. Mo ti sọ fún ènìyàn méjì pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù, ara àwọn méjèèjì sì yá. Kò ṣe nǹkan kan fún mi.

Nígbà mìíràn, mo máa ń sọ pé àánú ìyá àgbà ló mú kí n purọ́, pé ẹni tó fẹ́ kú, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ-ọmọ wọn ṣe. Irọ́ nìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn nìkan, kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù ìdajì yẹn ló bà mí. Láti ọjọ́ kẹfà dé ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ mẹ́rin ni, kọ́ọ̀pù méjì lójúmọ́. Èmi ni mo bù wọ́n, èmi ni mo gbé wọn lọ, mo sì ríran dáadáa.